Mo Lọ Kí Òkúta Kan ní Wéésì

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ń bi mí: kí ni mo rà bọ̀? Lákòókò tí a ń tò fún ṣúgà àti mílíkì yìí, mi ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Aládùúgbò mi kan tilẹ̀ yọjú wo yàrá mi láti ojú fèrèsé. Bàtà rọ́bà kan tó kún fún ẹrẹ̀ ló rí. Ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ, àánú mi sì hàn lójú rẹ̀. Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹnu mi lè sinmi. Òkúta ni mo lọ wò nílùú òyìnbó, òkúta náà ni mo sì rí.

Iṣẹ́ òkúta ni iṣẹ́ mi. Bí ẹ bá ti wọ itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì kankan nílùú yìí rí, ẹ ti rí ọwọ́ mi, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ ojú mi. Èmi ni mo ń fín orúkọ òkú sára mábù. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀ débi pé mo lè wo lẹ́tà kan kí n sọ fún yín bóyá ebi ń pa ẹni tó fín in.

Ẹni tó ní kí n wá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Bùkọ́lá. Ọdún méje ni kò fi kọ̀wé sí mi, kì í sì í ṣe pé ìwé ń sọnù lọ́nà. Bàbá wa, tíṣà ni wọ́n nígbà ayé wọn, bí Àǹtí Bùkọ́lá ní Odògbolú kí wọ́n tó fi òrùka fẹ́ ìyá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bí àwa mẹ́rin, èmi sì ni àgbà láàárín àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí Bàbá kú, ẹbí ṣèpàdé. Àbúrò Bàbá, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, pàṣẹ pé orúkọ àwọn ọmọ ìyàwó olórùka nìkan ni kó wà lára òkúta ibojì, kí ẹnu má baà kun ẹbí. Èmi ni mo fín in. Orúkọ mẹ́rin ni mo fín.

Àǹtí Bùkọ́lá, tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Wéésì nígbà náà, wálé wá sìnkú. Nígbà tí a ṣí aṣọ lójú òkúta, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Dàpọ̀, orúkọ tèmi ńkọ́?"

Mo ní, "Òkúta ti kún, Àǹtí."

Lọ́jọ́ kejì ó ti padà síbi tó ti wá.

Lẹ́yìn ọdún méje ni lẹ́tà rẹ̀ dé, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú wà nínú rẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré ló kọ: "Dàpọ̀, mo fẹ́ kí o wá wo òkúta kan. Mú gàrí dání. Má wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wá." Mo ka lẹ́tà náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Mi ò mọ̀ bóyá ìjà ló ń pè mí sí tàbí ó fẹ́ ká parí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tí mo ní láyé nìyẹn, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi lé e lọ. Mo di àpò mi.

*

Wọ́n ń kí òjò

Òjò ló kọ́kọ́ pàdé mi ní Wéésì, òun náà ló sì sìn mí padà. Kì í ṣe irú tiwa tó máa ń fi ariwo wọlé, tó máa lu páànù, tó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Tiwọn ò pariwo rárá. Á kàn máa rọ̀ títí ẹ ó fi gbàgbé pé ó ń rọ̀, ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kan orí yín ni ẹ ó mọ̀ pé ó ti rin yín gbìngbìn.

Ní ibùdókọ̀ ojú irin kékeré kan ni Àǹtí Bùkọ́lá ti dúró dè mí. Ewú ti wà lórí rẹ̀. Ojú Bàbá gan-an ló gbé wọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo gbé àpò sílẹ̀, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ni ó bá di èjìká mi mú. Ó ní, "Fi í sílẹ̀, ilẹ̀ tutù."

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ilé ire mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí àgbà kò bá jẹ́ kí o kí òun, ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Mo gbé àpò mi, mo tẹ̀ lé e, ọkàn mi wúwo ju àpò lọ.

Abúlé ni ibi tó ń gbé, láàárín òkè àti àgùntàn. Àgùntàn ibẹ̀ pọ̀ ju ènìyàn lọ, wọn ò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ìkíni wọn. Nínú ọkọ̀ ojú irin láti Lọ́ńdọ̀nù, kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, oníkálukú ti orí bọ ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n ní abúlé yìí, ẹni tí kò rí ẹ rí á dúró, á sọ fún ẹ pé òjò ń rọ̀. Ìwọ náà á sì gbà pé lóòótọ́, òjò ń rọ̀. Ó di àárín ọjọ́ kejì kó tó yé mi pé "ẹ kú òjò" ni wọ́n ń kí mi. Ara mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo gbà pé bí ènìyàn bá lè kí òjò, ọmọ ìyá wa ni.

Ibi tí mo ti ṣì í ni ṣọ́ọ̀bù kan tí ìyá àgbàlagbà kan ti ń tajà. Mo fẹ́ yìn wọ́n, mo wá sọ pé, "Ẹ̀yin Gẹ̀ẹ́sì yìí, ẹ mọ ènìyàn tọ́jú o." Ìyá yẹn fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. Ó ní, "Gẹ̀ẹ́sì? Ta ni Gẹ̀ẹ́sì níbí?" Ó wá yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè tiwọn sọ̀rọ̀ kíkankíkan sí ọkọ rẹ̀ tó wà nínú ilé. Àǹtí Bùkọ́lá fà mí jáde. "Dàpọ̀, ará Wéésì ni wọ́n. Bó o ṣe pè é yẹn, ó dà bíi kí ẹnì kan pè ọ́ ní ará Ẹ̀gbá." Mo ní háà, mo padà wọlé, mo tọrọ àforíjì látọkànwá. Ẹ̀yin Ẹ̀gbá tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má bínú, ẹ̀yin náà kò ní fẹ́ kí wọ́n pè yín ní Ìjẹ̀bú.

*

Oúnjẹ àlejò

Oúnjẹ wọn kò burú, àfi pé ata ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Wọ́n máa ń fi ẹran àgùntàn, ànàmọ́ òyìnbó àti ohun kan tó jọ ewé àlùbọ́sà gbọ̀ngbọ̀nràn se ọbẹ̀. Ó máa ń gbóná, ó sì máa ń tẹ́ inú lọ́rùn. Ìgbà tí mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta ni mo jẹ́wọ́ pé ó dùn. Wọ́n tún ní ewé kan tí wọ́n ń ká láti inú òkun, wọ́n á sè é títí á fi dúdú kirikiri, wọ́n á dín in láàárọ̀. Mo rò pé ẹ̀fọ́ ni, mo bu ẹnu kan tó tóbi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá débẹ̀ bu díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí oúnjẹ gbádùn mọ́ mi ni bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń bù ú fún mi. Èmi ló ń kọ́kọ́ bù fún. Ẹran tó tóbi jù, tèmi ni. Bí mo bá fẹ́ fọ abọ́, á ní, "Rárá, jókòó, o ṣeun." O ṣeun! Ẹ̀gbọ́n tó ń fi ọ̀pá gbá mi lẹ́sẹ̀ nígbà tí mo bá gbàgbé láti pọnmi! Mo fẹ́ kó bú mi. Ẹ̀gbọ́n tó bá ń ṣe ẹ bí àlejò, ẹ̀rù rẹ̀ ni kó o máa bà.

Gàrí nìkan ló rí ẹ̀gbọ́n mi àtijọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta ó da omi tútù sí gàrí Ìjẹ̀bú tí mo gbé wá, kò fi ṣúgà sí i. Ó bu ṣíbí kan, kíkan rẹ̀ mú un lẹ́nu, ó pa ojú dé. Ó mu ún tán. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Lọ́la, a máa lọ wo òkúta náà."

*

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè

Bàtà rọ́bà tí aládùúgbò mi rí yẹn ni mo wọ̀ lọ. A gun òkè, a sọ̀ kalẹ̀, a la àárín àgùntàn kọjá títí a fi dé oko ọkùnrin àgbàlagbà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Émírísì. Ajá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kí wa. Lẹ́yìn ilé rẹ̀, ní nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, òkúta kan dá dúró nínú koríko. Gíga rẹ̀ kò ju èjìká mi lọ. Wọn ò gbẹ́ ara rẹ̀ kó dán, bí Ọlọ́run ṣe dá a ni wọ́n ṣe rì í mọ́lẹ̀. Wọ́n fín lẹ́tà sí i lára láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀, débi pé ẹni tó bá fẹ́ kà á ní láti tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Àǹtí Bùkọ́lá kà á fún mi. "Èdè Látììnì ni. Ó ní, Sẹnílà ọmọbìnrin Túrípò ló dùbúlẹ̀ síbí."

Ibí yìí ni kí ẹ ti máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ta ni àwa ń sin sí ẹ̀yìnkùlé wa? Ẹni wa ni. Bí mo ṣe rí ibojì lẹ́yìn ilé ọkùnrin yìí, mo mọ̀ pé òkú rẹ̀ ni, bóyá ìyàwó, bóyá ìyá. A ò sì lè dé ojú oórì ẹni ká má kí onílé. Mo ní búrẹ́dì eléso kan nínú àpò tí mo rà láti jẹ lọ́nà. Mo ṣí fìlà, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé búrẹ́dì náà fún Émírísì, mo sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì mi tó dára jù kí i pé, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Bàbá. A kò gbọ́ ni, à bá ti wá kí yín kó tó di òní. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ̀yìn Màmá Sẹnílà á dára."

Ọkùnrin náà rọra ṣí fìlà tirẹ̀ náà. Ó wo búrẹ́dì, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ta ló kú?"

Àǹtí Bùkọ́lá fẹ́ dáhùn, kò lè sọ̀rọ̀. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó la á. Ẹ̀rín wá bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín Odògbolú gidi, èyí tó máa ń mú kí àwọn ẹyẹ fò lórí igi. Ó di òkúta mú kó má baà ṣubú. "Dàpọ̀! Ó ti lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún tí obìnrin yìí ti kú! Ẹgbẹ̀rún ọdún!" Omi ń dà lójú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé ojú ò tì mí rárá. Bí mo bá mọ̀ pé ìyẹn ló máa pa á lẹ́rìn-ín, ibùdókọ̀ ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí òkú.

Ṣùgbọ́n Émírísì kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Àǹtí ti ṣàlàyé fún un tán, ó di búrẹ́dì náà mú dáadáa. Ó ní, "Bàbá bàbá mi máa ń so géètì mọ́ òkúta yìí. Àwọn màlúù mi ń fi í họ ẹ̀yìn. Àwọn ọ̀mọ̀wé wá, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n lọ. Kò tíì sẹ́ni tó bá wa kẹ́dùn rí." Ó ní òun dúpẹ́ lórúkọ Sẹnílà, ó sì wọlé lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀ kó gbé omi tíì kaná. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

*

Àyè ìlà mẹ́ta

Ó wá ku èmi àti ẹ̀gbọ́n mi àti òkúta. Mo fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà bí mo ṣe máa ń ṣe nílé. Mo rí i pé ẹni tó fín in kò fa ìlà kó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi lókè, ó ń kéré bọ̀ nísàlẹ̀, nígbà tó sì dé òpin, àyè kò tó mọ́, ó dá lẹ́tà tó kẹ́yìn dùbúlẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí.

Àǹtí fi etí òkúta hàn mí. Wọ́n fi ṣísẹ́lì ṣá a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìlà kéékèèké méjì níhìn-ín, mẹ́rin lọ́hùn-ún. Ó ní ìkọ̀wé àwọn mìíràn tó ti òkè òkun wá ni, pé orúkọ kan náà ni wọ́n tún kọ síbẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ Látììnì. Mo yí lọ sẹ́yìn òkúta. Àgbélébùú kan wà níbẹ̀ nínú òbìrìkìtì.

Mo ní, "Ọwọ́ ẹlòmíràn nìyí. Èyí rọ̀ ju ti iwájú lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Wọ́n ní lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹnì kan tún wá fín in." Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Mo máa ń wá síbí ní ọjọ́ Sátidé, Dàpọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ìwọ ni mo rántí. Wò ó, kò ga tó ọ. Ó gba èdè méjì. Ó gba àgbélébùú. Ó gba orúkọ ọmọbìnrin àti ti bàbá rẹ̀. Òkúta tìẹ nìkan ló kún."

Ọdún méje ni mo ti fi ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ bí ọjọ́ yìí bá dé, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ.

Mo ní, "Kò kún, Àǹtí. Àyè ìlà mẹ́ta ló ṣẹ́kù nísàlẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo lójú."

"Bàbá Kékeré ló pàṣẹ pé—"

"Mo mọ ìyẹn náà. Bàbá Kékeré kọ́ ni mò ń bi. Ìwọ ni."

Mo wá sọ ohun tí mi ò sọ fún ìyàwó mi rí. Mo ní, "Bí orúkọ yín bá wà níbẹ̀, tiyín ló máa wà lókè. Nígbà tí kò sí níbẹ̀, tèmi ló wà lókè. Mo wò ó, ó wù mí bẹ́ẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú rẹ̀, pẹ̀lú kóòtù tuntun mi. Lọ́tẹ̀ yìí kò di èjìká mi mú. Ó jẹ́ kí n nà tán, kí àyà mi kan ilẹ̀. Koríko ilẹ̀ Wéésì tutù, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí Émírísì gbé tíì jáde. Ó rí ọkùnrin dúdú ńlá tó na gbalaja sẹ́bàá òkúta, ó figbe ta, ó ń pe ìyàwó rẹ̀ kó sáré pe dókítà.

Àǹtí Bùkọ́lá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ara rẹ̀ ń yá ni."

Nígbà tí mo dìde, ó fi ìbòrí rẹ̀ nu ẹrẹ̀ ní àgbọ̀n mi. Ó ní, "Mi ò tíì ní ó tán o. Èmi nìkan kọ́ lo parọ́ yẹn fún. Lójú gbogbo ẹbí ni." Kò ní kí n ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó bú mi nítorí bàtà ẹlẹ́rẹ̀ tí mo gbé wọlé, ó ní ta ló máa bá mi fọ abọ́, ó sì mú ẹran tó tóbi jù fún ara rẹ̀. Ọbẹ̀ kò dùn mọ́ mi lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ rí.

*

Nílé

Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Mo gbé irinṣẹ́ mi lọ sí ojú oórì Bàbá, mo wo àyè ìlà mẹ́ta nísàlẹ̀, mo sì dá ọwọ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n mi nísàlẹ̀ àbúrò mi tó kéré jù? Ní Ìjẹ̀bú? Ìyẹn á burú ju kí orúkọ rẹ̀ má sí níbẹ̀ lọ. Mo bẹ ọkùnrin mẹ́ta lọ́wẹ̀, a yọ mábù náà nínú sìmẹ́ǹtì, a yí i padà. Mo fi iyanrìn àti omi dán ẹ̀yìn rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo wá fín gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: orúkọ Bàbá, lẹ́yìn náà ọmọ márùn-ún. Bùkọ́lá ló ṣáájú. Èmi ni mo ṣìkejì, ẹ sì lè lọ wò ó, n kò tíì fín orúkọ tó gún tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí mo parí ni mo tó pe ẹbí. Wọ́n wá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Bàbá Kékeré, tó ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí, wọ awò ojú, wọ́n ń kà á sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Wọ́n ka orúkọ Bàbá. Wọ́n dé orúkọ tó tẹ̀ lé e, wọ́n dúró.

Wọ́n ní, "Ta ló ní kó o yí òkúta padà?"

Mo ní, "Èmi náà ni, sà. Èyí tí ẹ ní kí n kọ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, mi ò pa lẹ́tà kan rẹ́. Irọ́ ni. Èmi ni mo fín in, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mò ń fín in. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, ẹ bá mi gbé e, ká yí i padà."

Ọkùnrin tí agbára wọn tó bẹ́ẹ̀ lé ní mẹ́wàá níbẹ̀. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wo òkúta. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Kékeré nìkan ló tẹ̀ síwájú. Wọ́n gbé ọ̀pá wọn fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìnira. Wọ́n fa áńkáṣífì yọ nínú àpò agbádá, wọ́n fi nu iyanrìn tó kù lára orúkọ àkọ́kọ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, títí wọ́n fi nu ún tán.

Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ìgbà wo ni Bùkọ́lá ń bọ̀ wálé?"